Ibi Tí Bọ́ọ̀lù Bàámi Balẹ̀ Sí

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, etí ni mo fi ń mọ irú oúnjẹ alẹ́ tí a máa jẹ nílé wa ní Agric, ní Ìkòròdú. Mo lè wà nínú pálọ̀, kí n máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi lábẹ́ tábìlì tí Màámi fi ń gé aṣọ, kí n sì máa gbọ́ Bàámi lẹ́yìnkùlé bó ṣe ń fi irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré funfun. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú àwo tánganran tó rì mọ́lẹ̀, àwo á dún gbáń. Tí mo bá ti ka gbáń mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo mọ̀ pé tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Bàámi máa wọlé, á bá Màámi ṣàwàdà, á sì bu ẹja inú àwo rẹ̀ sí tèmi. Bí bọ́ọ̀lù bá sáré kọjá àwo, ògiri fẹ́ǹsì ló máa lù, á dún pó. Nírọ̀lẹ́ tí ògiri bá dún ju àwo lọ, a máa ń jẹ ẹ̀bà wa bí àwọn tó wà nílé ọ̀fọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé kò yẹ kí bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìẹ máa darí ilé odindi, àmọ́ òun ló ń darí tiwa.

Yàrá kan àti pálọ̀ la yá lọ́wọ́ Ìyá Onílé, opó arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Ìkòròdú látilẹ̀. Ọ̀ṣun ni Bàámi àti Màámi ti wá, wọn ò ní ẹbí kankan nítòsí, ni Ìyá Onílé bá sọ ara rẹ̀ di ẹbí wa tipátipá. Lọ́jọ́ tó bá ro ìkọ́kọrẹ́, Màámi ò gbọdọ̀ dáná, torí àwo tiwa ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá sì bínú, gbogbo wa ló ń bú pọ̀, àti Bàámi àti ewúrẹ́ rẹ̀. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á máa wo Bàámi, á máa mi orí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò tíì rí àgbàlagbà tó ń fi irin lé ẹyin kiri ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹyin náà ò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bàámi á rẹ́rìn-ín, á ní kó ṣáà máa ṣàdúrà fún òun. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, yanrìn funfun ni, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Gbígbá rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ mi ni. Ìyá Onílé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá a. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra, kí n wá máa gbá a lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí fẹ́ǹsì, kí ìlà ìgbálẹ̀ lè hàn lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ó ní ọmọ tó bá da eruku sójú àgbà, wọn ò kọ́ ọ nílé. Búútà rọ́bà tí Bàámi fi ń ṣe àlùwàlá ni mo fi ń wọ́n omi náà, nítorí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, omi rẹ̀ kì í dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ búútà yìí ṣì ń bọ̀.

Pápá gọ́ọ̀fù kan lápá Ẹ̀pẹ́ ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á wọkọ̀, á gba Ìtọ̀íkìn lọ. Báàgì àwọn ọ̀gá tó ń wá gbá gọ́ọ̀fù láti Èkó ló ń gbé tẹ̀lé wọn, lọ́jọ́ tí ọ̀gá ò bá sì sí, á gé koríko. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Nígbà èwe rẹ̀ ló ti kọ́ ọ ní ìlú kan ní Ọ̀ṣun, ní pápá ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé. Bó bá fi igi gígùn gbá a, bọ́ọ̀lù á lọ sókè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú, á sì balẹ̀ síbi tó fojú sùn gan-an. Àwọn ọ̀gá a máa dúró wò ó. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni gbígbá kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ti dé tòsí ihò tó yẹ kó bọ́ sí, ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, èèyàn kàn máa fi irin gbá a jẹ́jẹ́ kó fò díẹ̀, kó balẹ̀, kó yí lọ bá ihò. Ní Ọ̀ṣun tí Bàámi ti kọ́ṣẹ́, kò sí koríko nídìí ihò. Yanrìn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀lù tó bá sì bọ́ sórí rẹ̀ kì í rìn jìnnà, ṣe ló máa ń dúró. Torí náà, ìdí ihò gan-an ni wọ́n máa ń gbá a sí. Ní Ẹ̀pẹ́, koríko ló wà níbẹ̀, wọ́n gé e kúrú, ó tẹ́jú bí ẹní, ṣe ni bọ́ọ̀lù máa ń sáré lórí rẹ̀. Ọwọ́ tí Bàámi fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lórí yanrìn kọ̀, kò gbàgbé yanrìn.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò fún ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ gọ́ọ̀fù. Bàámi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejèèjì, gbígbá kékeré ló sì bà á jẹ́ nígbà méjèèjì. Ọ̀gá pápá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ó là á mọ́ ọn lójú pé ìkẹyìn nìyẹn, pé àwọn ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn tí wọ́n ń retí kí wọ́n fa orúkọ àwọn náà kalẹ̀. Bí Bàámi bá yege, olùkọ́ ni, a ó sì kó lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọgbà pápá ní Ẹ̀pẹ́, yàrá méjì, kíṣìnnì tiwa, ẹ̀rọ omi nínú ilé. Bí kò bá yege, báàgì ni á máa gbé títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi tẹ̀. Màámi ti mọ ojú fèrèsé tó máa gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sí nínú ilé Ẹ̀pẹ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò tíì débẹ̀ rí. Bàámi ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un.

Báyìí ni ẹ̀yìnkùlé wa ṣe di pápá. Bàámi gbẹ́ ihò, ó ri àwo tánganran Màámi tó ti jò sínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ìṣísẹ̀ méjìlá sẹ́yìn, ó tẹ́ àjákù kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ láti máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ó ní inú òun dùn sí ilẹ̀ náà, torí bó ṣe le tó, bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀ bíi ti koríko Ẹ̀pẹ́, tí òun bá ti lè ṣẹ́gun rẹ̀ nílé, òun á ṣẹ́gun rẹ̀ lóko. Gbogbo ilé ló bá a dá sí i. Ọ̀gá pápá ti sọ fún un pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń yẹ̀, pé ó ń fẹ́ fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sókè, bẹ́ẹ̀ irin ló yẹ kó gbé e. Ni Màámi bá mú rúlà onígi kékeré kan nínú irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ dì í mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì Bàámi, kí ọwọ́ náà má lè tẹ̀. Bàámi á há fìlà rẹ̀ sábíyá, bí fìlà bá ti jábọ́, ó mọ̀ pé apá òun ti ṣí jù. Á gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ òsì. Iṣẹ́ tèmi ni ìdérí ìgò míńrà. Ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni mo máa fi ìdérí kan lé, kí Bàámi lè wá wo bó ṣe sáré tó lẹ́yìn ìyẹn. Ó máa ń jẹ́ kí èmi náà gbá a. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé irin lé mi lọ́wọ́, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Má wo àwo, Àníkẹ́. Ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí ni kó o máa wò. Ibẹ̀ nìkan lọ́wọ́ rẹ lè dé, èyí tó kù, ilẹ̀ ló ni ín."

N kò tíì ní ìfẹ́ ẹnikẹ́ni tó báyìí rí. Mo fẹ́ kí ọkùnrin yìí yege ju ohunkóhun lọ. Ṣùgbọ́n pó, pó, pó ni ògiri ń dún. Ó rù. Màámi á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á gbé e kúrò. Nígbà mìíràn, Bàámi á jókòó, á tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí eékún, á máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jalè. Màámi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi gọ́ọ̀fù sílẹ̀, pé Ọlọ́run ò kọ̀ wá. Àárín àwọn méjèèjì wá le. Maṣíìnì á máa dún nínú ilé, irin á máa dún lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Mo pọnmi láti kànga, mo kọsẹ̀ lára àwo tánganran, garawa bọ́ lórí mi, omi dà sí gbogbo ìdí àwo, ilẹ̀ ya. Ẹ̀rù Màámi bà mí. Mo fi ìdí ìgbálẹ̀ tú yanrìn ibẹ̀, mo tún un ṣe, mo bu yanrìn gbígbẹ bò ó lórí, mo wá gbá a pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà mọ̀. Nígbà tí Bàámi dé lọ́jọ́ yẹn, tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó dúró síbẹ̀. Ìkejì balẹ̀, ó yí díẹ̀, gbáń. Ìkẹta, gbáń. Ó gbá ogún bọ́ọ̀lù, ògiri ò dún ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ó gbé mi sókè, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ẹsẹ̀ mi ti gùn. Màámi jáde síta pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín Màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé pé ó ní. Ìyá Onílé pàápàá pàtẹ́wọ́ lórí àpótí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ti gbẹ, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ padà. Pó. Bàámi gbé irin kọ́ sára ìṣó, ó wọlé, kò jẹun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo wo búútà níbi tó wà.

Láti ọjọ́ kẹta, tí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń fi ìdí ìgbálẹ̀ tú yanrìn ìdí àwo, kò jìn, kò ju ìka méjì lọ. Mo máa wọ́n omi búútà sí i, mo máa bu yanrìn gbígbẹ lé e, mo máa wá gbá gbogbo ẹ̀yìnkùlé kí ìlà ìgbálẹ̀ lè bo ohun tí mo ṣe mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fura. Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kí n wọ́n omi kí n tó gbálẹ̀? Ìyá Onílé yìn mí lójú gbogbo ayálégbé pé ọmọ tó mọ iṣẹ́ ilé nìyí. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe. Mo rò pé ọwọ́ Bàámi ló ń bẹ̀rù, pé bí ọwọ́ náà bá ti gbọ́ gbáń púpọ̀, kò ní bẹ̀rù mọ́, á sì lè ṣe é níbikíbi. Mo ti gbìyànjú láti rántí bóyá ọkàn mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kò dára. Bí mo bá ní ó sọ fún mi, irọ́ ni. Inú mi ń dùn ni. A ń jẹun pọ̀. Bàámi ń kọrin nígbà tó bá ń wẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé títí di ìgbà yẹn, Bàámi máa ń dúró sẹ́yìn ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, láti fi bíi wákàtí kan gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko gidi. Nígbà tí ti ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dára, ó ṣíwọ́ dídúró. Oòrùn á ṣì wà lókè tí á ti wọlé. Ó sọ fún Màámi pé koríko Ẹ̀pẹ́ ń da òun lọ́kàn rú, pé ilẹ̀ ilé lòun ti rí ọwọ́ òun, òun ò sì fẹ́ kí ohunkóhun bà á jẹ́ títí ọjọ́ ìdánwò á fi pé. Ó tú rúlà kúrò lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà sídìí àwo, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ọ̀ṣun. Màámi ra báàgì Gánà méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú wọn díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí pé irú aṣọ fèrèsé wo ni mo fẹ́. Mo ní èyí tó ní òdòdó.

Àkókò ìsinmi ilé ìwé ni ìdánwò bọ́ sí, Bàámi sì ní èmi ni igbákejì òun, òun ò lè lọ láìsí mi. Màámi bu ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú kúlà fún wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fojú rí pápá gọ́ọ̀fù nìyẹn. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, koríko rẹ̀ lọ títí dé etí ọ̀sà, àwọn ẹyẹ lékeléke sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó ra ibẹ̀. Èmi àti àwọn èèyàn bí mélòó kan ń tẹ̀ lé Bàámi àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánwò lẹ́yìn. Láàárọ̀ yẹn, igi gígùn Bàámi dára débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò gbígbá kékeré. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń bọ́ sórí koríko kúkúrú fúnra rẹ̀, ó kàn ń tì í wọ ihò ni. Wọ́n gbá a títí ó ku ihò kan ṣoṣo. Ọ̀gá pápá wá bá wa, ó rọra sọ fún Bàámi pé bó bá lè fi ẹ̀ẹ̀mẹta parí èyí tó kù yìí, ó ti yege. Bàámi fi igi gígùn gbá bọ́ọ̀lù. Ó lọ tààrà, ó kúrú díẹ̀, bọ́ọ̀lù dúró ní etí koríko kúkúrú. Bàámi rìn lọ síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tó wà sí ihò. Mo bá a kà á lẹ́nu. Ìṣísẹ̀ méjìlá.

Ó wẹ̀yìn, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó há fìlà rẹ̀ sábíyá. Nígbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo koríko náà dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó le. Abẹ́ rẹ̀ le gbagidi bí ilẹ̀ wa ṣe rí kí n tó kọsẹ̀ lára àwo. Ẹnu mi ṣí láti pè é, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Ó gbá a. Gbígbá tó dára jù lọ tí mo rí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ọrùn ọwọ́ ò yẹ̀, fìlà ò jábọ́. Bọ́ọ̀lù fò, ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò níbi tí ǹ bá fi ìdérí míńrà lé. Kò dúró. Ó ń yí lọ, ó kọjá ihò, ó ń yí lọ, ó dé etí kejì, ó gba ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọ inú eèsún tó wà létí omi. Kò sí ògiri níbẹ̀. Kò dún rárá. Bàámi rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan koríko, ó gbé ọwọ́ náà sójú, ó wò ó.

A wọ ọkọ̀ padà. Kúlà ìrẹsì wà lórí itan mi, a ò ṣí i. Nígbà tí a dé Ìtọ̀íkìn tí àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó ní, "Ibi tí mo fẹ́ kó balẹ̀ sí gan-an ló balẹ̀ sí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi." A dé ilé. Màámi wo ojú wa. Ó wọ yàrá, ó tú àwọn báàgì Gánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nà wọ́n bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ wọ́n. Ìgbà tó tò wọ́n tán ló wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàámi ní, "Ọwọ́ mi ni." Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Onílé gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ó tutù, ó dì, àárọ̀ ọjọ́ kejì la dà á fún adìẹ.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n bá òun bomi sí búútà. Mo gbé e wá. Mo ní, "Bàámi, omi tí mo máa ń wọ́n sílẹ̀..." Ó gba búútà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló bá mi ṣe é, àmọ́ ìwọ nìkan ni kò sú. Má ro ara rẹ lẹ́bi ohunkóhun." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ọwọ́. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi ṣan ẹsẹ̀ tán, n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún un di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Láti ọjọ́ yẹn, n kò wọ́n omi sílẹ̀ mọ́. Mo ń gbá a gbígbẹ, eruku ń gbéra bo ewúrẹ́ àti Ìyá Onílé. Ó gbá mi létí, ó ní mo ti ń ya ìyàkuyà, mo sì gbádùn ìgbátí yẹn ju ìyìn tó ń yìn mí tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ọdún tó parí, Bàámi fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀. Ó di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní ẹ̀síteètì kan ní Ìkòròdú, ó ń ṣí i fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó ń ṣí i fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé. Ó ti irin rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màámi rán aṣọ ilé ìwé nínú pálọ̀ yẹn títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́, inú ilé yẹn náà ló sì ti kú.

Mo ti ju ẹni ogójì ọdún lọ báyìí. Èmi náà ń gbé ní ẹ̀síteètì, ẹnì kan ń ṣí géètì fún mi láàárọ̀ kùtù tí mo bá ń lọ sí Èkó, n kì í lè wo ojú rẹ̀. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ó ní ọmọdé ni mí, pé ọmọdé ò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, kò sì tù mí nínú. Bí mo bá ń ronú, mo máa ń ronú pé ilẹ̀ líle yẹn ni olùkọ́ kan ṣoṣo tí Bàámi ní tó ń sọ òótọ́ fún un, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ká ní mo fi í sílẹ̀ kó máa gbọ́ pó, bóyá ì bá ti rí i ṣe. Bóyá kò sì ní rí i ṣe. N kò lè mọ̀ láéláé, ohun tó sì burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mo yá ilé kékeré kan fún Bàámi ní Ìjẹ̀dé, kò jìnnà sí ọ̀sà. Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí i lọ́jọ́ Sunday. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ti wá irin rẹ̀ jáde, ó ti gbẹ́ ihò, ó ri àwo rọ́bà sínú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí, àìsàn ni. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. Ó ní, "Bá mi gbá ilẹ̀ yìí bó o ṣe máa ń gbá a nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá bíi tìẹ." Mo gbá a gbígbẹ. Mo ní lọ́kàn mi pé ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan yìí, màá ṣe òótọ́ fún un. Ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó balẹ̀, ó sáré kọjá àwo, ó lu ògiri. Pó. Ìkejì, pó. Ìkẹta, pó. Ó tẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà síwájú ara rẹ̀, ó wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà yẹn. Ó ní, "Ó ti tán lára rẹ̀ pátápátá."

Búútà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kún. Mo gbé e. Bàámi rí mi bí mo ṣe gbé e. Ó rọra kẹ̀yìn sí mi, ó kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nu irin tí kò dọ̀tí. Mo tú yanrìn ìdí àwo, mo wọ́n omi sí i, mo bu yanrìn gbígbẹ lé e, mo gbá a títí ìlà ìgbálẹ̀ fi bò ó. Ó gba àkókò, torí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ní gbogbo àkókò náà, kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí mò ń wò ni mo fi mọ̀ pé ó ti mọ̀ tipẹ́, bóyá láti ọdún yẹn gan-an, kí báàgì Màámi tó kún. Nígbà tí mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó yí padà, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó há fìlà sábíyá, ó gbá a. Ó balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ó yí díẹ̀, ó wọlé.

"Ṣé o rí i?" ló wí, kò wò mí lójú.

"Mo rí i, Bàámi." Omi ṣì ń kán lẹ́nu búútà tó wà lọ́wọ́ mi.